Ríìmù Bàbá Mi Kì í Ṣe Pàǹtí

Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Àbújá ti fòfin dè mí. Ó ní òun kò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́ pé wọ́n rí ìyá òun níbi tí wọ́n ti ń ṣa àlòkù irin. Ó ní obìnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń tọ́jú, kí ló ń wá nídìí pàǹtí? Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán lórí fóònù. Mo bi í léèrè àlàáfíà ọkọ rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wé gèlè mi, mo wọ ọkọ̀, mo gba ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ lọ.

Ibi tí mò ń lọ ni ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n fi páànù kàn láti òkè délẹ̀, lójú ọ̀nà tó ti Ìkẹ́rẹ́ bọ̀ wá sí Ìsẹ̀. Obìnrin kan tó lè jẹ́ ọmọ mi ló ni ín. Ó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó gboyè jáde, ó wáṣẹ́ títí, kò rí. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ohun tí àwọn èèyàn ti jù sẹ́yìn ilé: ojú fáànù, inú rédíò, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣéènì ọ̀kadà, ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n wó, gíláàsì mọ́tò tí kò fọ́ tán. Kì í tà á fún àwọn tó ń kó irin lọ yọ́. Àwọn tó ń fọwọ́ ṣe nǹkan ló ń tà á fún. Àwọn ọmọ iléèwé tó ń gbẹ́ ère máa ń wá síbẹ̀, àwọn wẹ́dà máa ń wá, àwọn tó ń tú rédíò wò láti mọ ohun tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ náà máa ń wá. Arúgbó kan wà pẹ̀lú tó máa ń ti ọ̀nà Ọ̀rùn wá ra ojú fáànù, tó fi ń ṣe ère ẹyẹ awó. Èmi ni arúgbó yẹn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ojú fáànù méjì, èèyàn á dojú wọn kọ ara wọn, ó ti di ikùn awó nìyẹn. Ṣíbí á di ìyẹ́, ìṣó á di ẹsẹ̀. Awó mi pọ̀ níwájú ilé, wọn kì í jẹ àgbàdo ẹnikẹ́ni. Àwọn aládùúgbò kọ́kọ́ ń yọ́ wò mí. Nílẹ̀ wa, bí wọ́n bá rí ọ tó o bẹ̀rẹ̀ tó ò ń ṣa nǹkan nílẹ̀, wọn kì í bi ọ́ ní ohun tó o fẹ́ fi ṣe. Ẹsẹ̀ rẹ ni wọ́n á kọ́kọ́ wò, bóyá bàtà wà níbẹ̀, torí wèrè ló ń ṣa pàǹtí. Mo máa ń wọ bàtà mi tó dára jù lọ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn, kí ojú wọn lè rí ohun tó ń wá.

Òfin tí obìnrin yìí fi ń ta ọjà rẹ̀ kò pọ̀. Bó o bá mú nǹkan, kò ní sọ iye rẹ̀ fún ọ. Á kọ́kọ́ bi ọ́ pé kí lo fẹ́ fi ṣe. Bí o kò bá rí nǹkan sọ, á gbà á lọ́wọ́ rẹ, á dá a padà síbi tó wà. Bó bá sì jẹ́ pé o rí ohun tó o fẹ́ ṣùgbọ́n o kò tíì lè gbé e lọ, o máa so ààlè mọ́ ọn. Gbogbo wa la mọ ààlè. Ẹni tó bá lóko á ta àkísà mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ tàbí kó gbé ṣùkù àgbàdo kọ́ ẹnu ọ̀nà oko, ẹni tó ń kọjá á sì mọ̀ pé ohun ẹlòmíràn nìyẹn. Àwọn ọmọ yunifásítì tí wọ́n ń sọ pé àwọn kò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́, mi ò rí ọ̀kan nínú wọn rí kó tú ààlè nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, mo ti rí ojú fáànù tó wù mí, mo ti dáhùn ìbéèrè, mo sì ti jókòó sórí táyà, mò ń mu omi. Ẹnì kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fi irin gbá irin. Ó dún, ó lọ jìnnà, ó wá wúkọ́ díẹ̀ níparí.

Mo gbé omi náà kalẹ̀. Irin kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé yìí tó ń wúkọ́.

Dírẹ́fà lọ́rì ni bàbá mi. Lọ́rì onípákó ni, tó fi ń kó kòkó láti Ìsẹ̀ àti Èmùré lọ sí Àkúrẹ́. Kòtò kan ní ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ ló la ọ̀kan nínú ríìmù rẹ̀, ó gbé e fún wẹ́dà, wẹ́dà jó o pọ̀, ó sì fi rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì lọ́rì náà kú pátápátá, tí wọ́n ń tú u tà, bàbá mi mú ríìmù tí wọ́n jó pọ̀ yẹn sílẹ̀, ó ní òun kò tà á. Ó gbé e lórí lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, ó gun igi máńgòrò tó wà lójú pápá, ó sì fi ṣéènì so ó rọ̀. Bàbá mi kò mọ̀wé. Ó sọ fún ọ̀gá iléèwé ìgbà yẹn pé òun ti kó ẹrù títí, òun kò lè kó nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n òun lè máa pe àwọn ọmọ wá síbi ìwé. Ríìmù yẹn ló pè mí wọ kíláàsì ìkíní. Nígbà tí mo padà wá di tíṣà níbẹ̀, òun ló ń pe àwọn ọmọ tí mò ń kọ́. Ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ ló máa ń wúkọ́. Ó ti mọ́ wa lára débi pé bí kò bá wúkọ́, a máa rò pé ó ń ṣàìsàn.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, ọ̀gá tuntun dé pẹ̀lú ọ̀làjú. Ó ra agogo oníná. Bí iná bá wà, agogo náà á máa kọ orin ọjọ́ ìbí. Lójoojúmọ́ ni ọjọ́ ìbí pé ní iléèwé wa. Bí kò bá sí iná, tíṣà kan á jáde, á máa pàtẹ́wọ́ bí ẹni tó ń lé adìyẹ. Mo bi wọ́n léèrè ríìmù nígbà kan, wọ́n ní àwọn ti gbé e pamọ́ dáadáa. Mo gbà wọ́n gbọ́. Báyìí mo wá jókòó sórí táyà nínú ṣọ́ọ̀bù àlòkù, mo sì ń gbọ́ ohùn bàbá mi lẹ́yìn páànù.

Mo dìde, mo yí lọ sẹ́yìn. Òun ni. Wọ́n gbé e ti ògiri, ìpẹtà ti bò ó, ṣùgbọ́n ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ hàn gbangba bí àpá iṣẹ́ abẹ. Àkísà pupa kan wà lára rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ ihò ibi tí nọ́ọ̀tì máa ń wọ̀. Ààlè. Ọkùnrin kan dúró tì í, ó mú ọ̀pá irin kékeré lọ́wọ́, ó sì ń fi téèpù wọn ìbú rẹ̀. Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù ti tẹ̀ lé mi dé ẹ̀yìn, ó rí ojú mi, ó sọ wẹ́rẹ́ pé, "Yèyé, ààlè ti wà lára rẹ̀ o."

Mo ní mo ti rí i. Mo béèrè ẹni tó so ó.

Ọkùnrin náà yíjú padà. "Èmi ni, Tíṣà."

Bó ṣe pè mí ni mo fi mọ̀ ọ́n. Mo kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin. Ó ti di olùkọ́ àgbà báyìí, iṣẹ́ ère gbígbẹ́ ló ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, irùngbọ̀n ti gba ojú rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí ilẹ̀ eléèpo irin, mo gbà á mọ́ra, a kí ara wa dáadáa. Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún un pé kó tú àkísà rẹ̀ kúrò lára irin bàbá mi.

Ó ní kí n má bínú. Ó ní òun mọ̀ pé ti bàbá mi ni, ìyẹn ló tilẹ̀ jẹ́ kí òun máa wá a kiri látìgbà tí òun ti gbọ́ pé iléèwé ti tà á. Mo bi í ní ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun fẹ́ gé e, òun fẹ́ fi ṣe etí kan tó máa tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Mo ní etí kẹ̀? Nígbà náà ló wá là á fún mi, kò sì gbé ojú kúrò lójú mi.

"Oko là ń gbé nígbà yẹn, lẹ́yìn odò. Yèyé mi á dúró lójú àgbàlá láràárọ̀, á máa tẹ́tí. Ó ní bí òun bá ti gbọ́ ríìmù iléèwé, òun á ní kí n máa sáré lọ. Tíṣà, kò gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan rí. Ibi tó dún dé kò dé ọ̀dọ̀ wa. Abẹ́ igi máńgòrò yẹn ni wọ́n ti máa ń ní kí n kúnlẹ̀, tí mo bá pẹ́ dé."

Mi ò ní purọ́, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo rántí ọmọ kékeré kan tí ìrì máa ń rin ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Ṣùgbọ́n àánú kọ́ ni yóò gé irin bàbá mi sí wẹ́wẹ́. Bí ọ̀gá kan bá fi ọmọ sórí ìkúnlẹ̀, ọ̀gá náà ni kí wọ́n gé, kì í ṣe agogo. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Àwọn wẹ́dà tó ń ra páìpù níwájú ti gbọ́ ohùn mi, wọ́n ti wá dúró sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn.

Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù dá sí i. Ó ní òun kò fẹ́ ìjà, òfin òun wà fún olówó àti tálákà. Ó kọjú sí mi, ó béèrè bó ṣe máa ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo èèyàn: "Kí ni ẹ̀in á fi ṣe, Yèyé?"

Mo ní, "Èmi á lù ú."

Ó mirí. Ó ní kò sí ẹni tó ń ra nǹkan níbẹ̀ láti lò ó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó ní ohun tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù òun gbọ́dọ̀ jáde bí nǹkan mìíràn, ìdí tí òun fi ṣí i nìyẹn, òun kò sì lè yí i padà nítorí pé òun bọ̀wọ̀ fún mi. Ohun tó sọ yẹn dára. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, mo máa pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n inú ti bí mi, èdè ulé sì ni inú mi fi máa ń bí.

"Ta ló kọ́kọ́ sọ lọ́rì di agogo? Ṣé ùwọ ni? Bàbá mi ti ṣe uṣẹ́ tí ùwọ ń ṣe níbí kí wọ́n tó bí ọ. Urin yìí ti di nǹkan mìíràn tipẹ́. Àwọn tó sọ ọ́ di pàǹtí ni kí ùwọ bi léèrè ọ̀rọ̀."

Mo bá nawọ́ sí àkísà pupa náà.

Ẹnì kan nínú àwọn wẹ́dà ní, "Ẹ̀yin Màmá, ẹ má ṣe é," ohùn rẹ̀ sì fi hàn pé ẹ̀rù bà á fún mi lóòótọ́. Èèyàn kì í tú ààlè olóko. Mo mọ̀ ju òun lọ, torí mo bá ààlè lóko bàbá mi àgbà kí wọ́n tó bí i. Mo dúró, mo kọjú sí gbogbo wọn, mo ní olóko ló ń so ààlè. Àlejò tó bá wọ oko rẹ tó ta àkísà mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí bàbá rẹ gbìn, kò so ààlè, àkísà rẹ̀ ló gbàgbé. Mo tú u. Mo ká a dáadáa, mo fi lé ọmọ tí mo kọ́ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, mo ṣí gèlè orí mi.

Obìnrin ọjọ́ orí mi kì í ṣí orí sílẹ̀ lójú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Irun funfun mi wà níta, atẹ́gùn fẹ́ sí i. Mo so gèlè náà mọ́ ríìmù, mo ta á ní kókó méjì. Mo jókòó lé e. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ gé e, kó gbé mi kúrò lórí rẹ̀ ná.

Ìpẹtà ń ba aṣọ mi jẹ́, mo sì mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin náà ń ká téèpù rẹ̀ wọlé, ó ń fà á jáde. Ó dùn mí pé ó dùn ún. Kí ló kù tí mo lè ṣe? Ohun tí a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Èmi, ọmọ dírẹ́fà, ríìmù ni mo ní.

Níkẹyìn, mo pè é súnmọ́ mi. "Bó bá jẹ́ pé kò dé oko yín ló ń dùn ọ́, kì í ṣe irin lo máa gé. Òpó lo máa jó. Jó òpó tó ga, kó o gbé e sókè sórí àpáta ẹ̀yìn ilé mi tó dojú kọ iléèwé, kí ohùn rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ."

Ó ronú sí i. "Bí kò bá dé ńkọ́?"

"Bí kò bá dé, kó o gé e. Mi ò ní jókòó lé e mọ́."

Mo ti sọ ọ́ kí n tó rò ó. Ẹyin lohùn, mo sì ti jẹ́ kó bọ́. Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù wò mí, ó wò ó, ó ní bó bá jẹ́ pé ríìmù àti òpó máa di nǹkan kan, a jẹ́ pé ó bá òfin òun mu, ó sì lọ fa páìpù tó gùn jù jáde fún un. Inú bùùtù ọkọ̀ ọmọ tí mo kọ́ náà ni ríìmù gbà délé mi, gèlè mi wà lára rẹ̀.

Ó jẹ́ oníṣẹ́, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ó fi páìpù àti ọ̀pá abẹ́ ọkọ̀ jó òpó kan tó ga ju páànù ilé mi lọ. Ó lọ́ orí rẹ̀ bí ọrùn lékeléke, ibẹ̀ ló so ríìmù sí, ó sì fi okùn gbé òòlù kọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n lè máa fà á láti ilẹ̀. Nígbà tó parí, ó gbé ẹ̀rọ tó fi ń gé irin kalẹ̀ sí ìdí òpó náà, ó fi ọ̀rá bò ó nítorí ìrì. Ó ní àdéhùn ni. Ó ní òun máa lọ bá ìyá òun lóko, arúgbó náà ṣì wà níbẹ̀, òun kò ní sọ nǹkan kan fún un.

Ìròyìn ti tàn dé iléèwé. Ọ̀gá rán tíṣà kan sí mi pé ẹni tó ti fẹ̀yìn tì kò lẹ́tọ̀ọ́ láti lu agogo iléèwé. Mo sọ fún tíṣà náà pé agogo iléèwé ń kọ orin ọjọ́ ìbí lọ́hùn-ún, èyí tó wà lọ́dọ̀ mi, ti bàbá mi ni, orí àpáta ẹ̀yìn ilé mi ló sì wà. Ọmọ mi Àbújá pè, ó ní ṣé òótọ́ lohun tí òun gbọ́. Mo ní òótọ́ ni, kò sì tíì gbọ́ nǹkan kan.

Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, iná kò sí. Mo wọ bàtà mi tó dára, mo jáde sórí àpáta. Mi ò wo ẹ̀rọ tó wà nínú ọ̀rá. Mo di okùn mú, mo fà á, ríìmù bàbá mi sì dún. Ó dún lọ sí ọ̀nà Ìsẹ̀, ó dún lọ sí ìhà odò, ó wúkọ́. Mo tún fà á, mo sì ń fà á lọ. Àwọn ọmọ tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lójú títì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, àwọn kan nínú wọn kò gbọ́ ọ rí láyé wọn, ẹsẹ̀ wọn ṣáà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí apá ro mí, mo jókòó ti òpó náà, mo ń dúró.

Oòrùn gòkè. Mi ò lè jẹun. Bí mo bá yíjú sí ọ̀tún, ọ̀rá yẹn ni mò ń rí. Mo bá bàbá mi sọ̀rọ̀ nínú ọkàn mi, mo ní kó má jẹ̀ẹ́ kójú tì mí, torí mo ti fi ẹnu ara mi ta ríìmù rẹ̀.

Ọ̀kadà kan ya wọ ojúlé mi. Ọmọ náà kọ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá arúgbó kan ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, aṣọ oko wà lọ́rùn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣì rin fún ìrì. Ọ̀kadà kejì tó gbé ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìyá náà kò kí mi. Ó gbójú sókè wo ríìmù, ó wò ó títí.

"Mo gbọ́ ọ kí mo tó jáde ní ulé," ó ní. "Kí ló ṣe é tó ń wúkọ́?"

Ọmọ rẹ̀ dé, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tó gbé e. Ó rìn lọ síbi ọ̀rá náà, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì gbé e padà sórí ìjókòó ọ̀kadà.

Mo mú okùn, mo fi lé ìyá náà lọ́wọ́. Ó fà á. Ó tún fà á. Ó ń fà á bí ẹni tó ń fa omi láti inú kànga, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Àwọn ọmọ rọ́ jáde nínú kíláàsì lọ́hùn-ún, wọ́n rò pé ìsinmi ti tó. Ọ̀gá iléèwé jáde tẹ̀ lé wọn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè sí wa pé kí la ń ṣe.

Mo wo ojú rẹ̀ láti orí àpáta wa. Mo ní kí ìyá náà tún un lù.